Bí Jẹ́láàní Ṣe Ná Deba ní Ifangni

Ọjọ́ tí wọ́n gbé deba, ìyẹn ìjíròrò ìta gbangba, àwọn tó ń du ipò dépútè, aṣòfin, wá sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní Ifangni ni olóògbé Jẹ́láàní, oníṣòwò ewúrẹ́, di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ìlú. Èrò ti Banigbé dé, wọ́n ti Ko-Koumolou dé. Fortunée, akọ̀ròyìn rédíò tó jẹ́ atọ́kùn, ní: "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni olùdíje kọ̀ọ̀kan ní láti sọ̀rọ̀."

Jẹ́láàní dìde. "Ọmọ mi, márùn-ún ti wọ́n jù. Gbà á ní méjì."

"Bàbá, a kì í ná àsìkò."

"Fún wọn ní méjì, kí o fi mẹ́ta ṣe ènì fún àwa, ká fi bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀."

Pápá dàrú. Àwọn alátìlẹyìn Anicet, ọ̀kan nínú àwọn olùdíje, ní Albertine, alátakò rẹ̀, ló rán an wá. Àwọn ti Albertine ní Anicet ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń gbé àga sókè. Fortunée rí i pé deba fẹ́ tú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní: "Ó dáa, Bàbá. Mẹ́ta fún wọn, méjì fún yín."

"Mo ti rà á," ni Jẹ́láàní wí, ó sì jókòó.

Anicet ṣèlérí pé òun á da ọ̀dà sí ọ̀nà láti Banigbé títí dé bodè. Nígbà tó kan ará ìlú, Jẹ́láàní ní: "Ìyẹn ti pọ̀ jù. Dí kòtò iwájú mọ́ṣáláṣí fún wa, a ó gbà." Anicet fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ìdáhùn.

Albertine ní òun á kọ́ ilé ìwòsàn ńlá. Jẹ́láàní ní: "Màdáámù, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ọ̀sì sí kékeré tó wà."

Lẹ́yìn náà, àríyànjiyàn nípa rẹ̀ gba gbogbo ọjà. Àwọn kan ní atọ́kùn náà kò lágbára. Àwọn mìíràn ní irú deba tó dùn tó yẹn, àwọn ò rí i rí.

Bí wọ́n sì ṣe mọ Jẹ́láàní nìyẹn. Nígbà kan, nọ́ọ̀sì kan ní Banigbé sọ pé kó lo oògùn fún ọjọ́ méje, ó ná an wá sí márùn-ún. Nígbà tí àwọn àna kó ẹrù ìdána Ràfátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá, ó wo iṣu náà, ó ní ó ti pọ̀ jù, kí wọ́n dín in kù. Ìyàwó rẹ̀, Rùkáyátù, ló fà á ní agbádá kó tó rántí pé òun ni bàbá ìyàwó.

Nígbà tó kú, Fortunée wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó jókòó ti Rùkáyátù, ó ní: "Ìyá, ẹ ti ní sùúrù o, tó bá jẹ́ bó ṣe ń bá wa ná ọ̀rọ̀ níta ló ń bá yín ná an nílé."

Rùkáyátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kò bá èmi ná ọ̀rọ̀ rí. Ohun tí mo bá ti sọ, 'Ó dáa, Rùkáyátù' ló máa ń wí."

Ó fa ìborùn rẹ̀ bojú. Fortunée di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí àdúrà fi parí.