"Mo Jẹ̀bi" Tí Fadel Sọ fún Adájọ́

Ní ilé tí wọ́n ti bí Antoine Ìdòwú ní Boni, nílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ kì í bá àgbà rojọ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fọ́ ìkòkò, tí bàbá wá ń bínú sí ọ, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá ní, "Mo jẹ̀bi, bàbá, ẹ má bínú." Bàbá á ní kó o dìde, ilé á tòrò, iṣu á sì máa jinná lọ lórí iná. Lọ́jọ́ tí ọkọ́ ńlá bàbá rẹ̀ sọnù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbàgbé rẹ̀ sí ìdí igi kajú, ṣùgbọ́n Antoine ló dọ̀bálẹ̀. Bàbá mọ̀. Ìyá mọ̀. Àfàìmọ̀ kí ewúrẹ́ ilé náà gan-an má mọ̀. Ohun tí gbogbo ilé mọ̀, ta ló tún ń wádìí rẹ̀?

Ìwé ló gbé e kúrò níbẹ̀. Orí ọmọ náà pé débi pé tíṣà tó wá láti ìsàlẹ̀ lápá etí òkun fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sóko, ó ní kí bàbá yọ̀ǹda rẹ̀. Bàbá yọ̀ǹda. Ó lọ sí lísè, ilé ìwé girama, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó gba ibẹ̀ dé Kútọnu, nígbà tó sì máa padà wá kí wọn nílé, ó ti di ẹni tó ń wọ aṣọ dúdú tó fẹ̀ bí ìyẹ́ àdán, tí wọ́n ń dìde fún tó bá wọlé.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi dájọ́. Ìjọba ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Suzanne ìyàwó rẹ̀, ọmọ Pọ́bẹ̀ tó ń ṣe tíṣà, máa ń sọ pé gbogbo igi ọsàn tí àwọn gbìn láyé, ẹlòmíràn ló jẹ èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan fa àgbò kan wá sílé rẹ̀ nígbà kan, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n fà á padà ní ọ̀sán gangan, àgbò ń ké "bẹ̀ẹ̀ẹ̀" la gbogbo ìgboro já, ojú sì ti olówó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Adájọ́-Ò-Gbàgbò. Ó máa ń bínú sí orúkọ yẹn lójú ayé. Nínú ikùn rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn.

Ìlú kan wà lókè ọ̀hún, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ Fadel ti wáyé. Ọmọ Kaboua nílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ni Fadel, ó ń ru ẹrù fún ọ̀gá kan tó ń kó òwú jọ. Ilé òwú jóná. Wọ́n ní Fadel ló sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, pé òun ló dáná. Wọ́n mú un dé iwájú adájọ́. Ògbufọ̀ tí wọ́n fún un kò gbọ́ èdè Ṣábẹ̀ẹ́ dáadáa, ó ń tàsé ọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ń gbọn orí. Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo tó mọ̀ ló ń tẹnu mọ́: "Nọ́ọ̀n. Nọ́ọ̀n."

Àánú ṣe Antoine. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí ògbufọ̀ jókòó, ó bá fi èdè ilé sọ̀rọ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́ ní Kaboua?"

Ojú Fadel là. "Ọmọ elélùbọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni mí, bàbá."

"Èmi náà, ọmọ Boni ni mí. Kí la wá ń fi èdè aláwọ̀ funfun fún ara wa lọ́rùn sí? Sọ̀rọ̀ fún mi bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Báwo ni ti iná yẹn ṣe jẹ́?"

Fadel na gbalaja sórí símẹ́ńtì, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Mo jẹ̀bi, bàbá. Ẹ má bínú."

Bachirou, akọ̀wé, gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀. Antoine wọ awò rẹ̀ padà, ó fi Faransé sọ pé, "Ó ti jẹ́wọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀." Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Fadel ṣì wà nílẹ̀, ó ń retí kí bàbá ní kó dìde. Ọlọ́pàá ló gbá a mú lábẹ́ apá, ló gbé e.

Ọdún gorí ọdún. Antoine fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Plateau ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn ará ilé wá ń gbé ìjà wọn tọ̀ ọ́ wá, ṣebí adájọ́ ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan tó ń jẹ́ Ọláolúwa àti àbúrò bàbá rẹ̀ wá. Ewúrẹ́ àbúrò bàbá ló jẹ ẹ̀gẹ́ tí Ọláolúwa sá, àbúrò bàbá yìí náà ló tún ń bú ọmọ. Antoine ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu ni Ọláolúwa dọ̀bálẹ̀.

"Mo jẹ̀bi, bàbá. Ẹ má bínú."

"Dìde, ọmọ mi," ni àbúrò bàbá wí, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró ná," Antoine ní. "Ọláolúwa, kí lo ṣe?"

"N ò ṣe nǹkan kan."

"Ṣebí o ní o jẹ̀bi?"

"Háà, bàbá! Òyìnbó mà ti gbé yín lọ o! Èwo ni ẹ̀bi níbẹ̀? Iná ìbínú wọn ni mo fi omi pa."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Antoine nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Igi kajú oko bàbá rẹ̀ ló rí, àti ọkọ́ tí kì í ṣe òun ló sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà ló rí ẹ̀yìn ọmọ kan tó nà sórí símẹ́ńtì.

Ó pe Bachirou lórí fóònù.

"Ọmọ Kaboua yẹn? Adájọ́, ó ti pẹ́ tó ti kú. Ikọ́ ló pa á lẹ́wọ̀n. Àbúrò olówùú fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tó ń kú lọ, sìgá tirẹ̀ ló dá iná yẹn sílẹ̀."

"O ò sọ fún mi."

"Wọ́n ti gbé yín lọ sí ìlú mìíràn nígbà yẹn. Àti pé, adájọ́... ó kúkú fẹnu ara rẹ̀ ní òun jẹ̀bi."

Suzanne ní kó má lọ sí Kaboua. "Kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún abiyamọ? Ẹ ò fi ìwà ìbàjẹ́ ṣe é. Ẹ ò gba kọ́bọ̀, ẹ ò gbàgbò."

"Suzanne, ìbá sàn kí n gba àgbò."

Ó bá Rachida, ìyá Fadel, níwájú ilé, ó ń jọ èlùbọ́. Antoine dọ̀bálẹ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, lójú gbogbo àdúgbò.

"Ìyá Fadel, èmi ni mo dájọ́ ọmọ yín. Mo jẹ̀bi."

Obìnrin náà ò gbé ajọ̀ sílẹ̀. "Èwo nínú rẹ̀?"

"Ìyá?"

"Èwo nínú mo jẹ̀bi? Èyí tá a fi ń tu àgbà lójú ni, àbí èyí tẹ́ ẹ fi ń sọ ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n? Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ là á yé mi."

"Èyí tó jẹ́ òótọ́."

"Ó dáa. Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀?"

Èlùbọ́ ń rọ̀ sínú ọpọ́n, ó ń bà sórí Antoine níbi tó nà sí.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn," ni ìyá wí, bí ẹni tó ń bá ọpọ́n sọ̀rọ̀. "Eyín rẹ̀ ò tíì hù tán. Mo ní bí àgbà bá bínú, máa sọ ọ́, wọ́n á ní kó o dìde. Ẹ ò ní kó dìde."

Àwọn aládùúgbò ń bẹ̀ ẹ́. "Ìyá Fadel, ẹ ní kó dìde, ojú ń ti gbogbo wa." Ó gbọn ajọ̀ rẹ̀, ó gbé ọpọ́n, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Oòrùn ti rẹlẹ̀ kí àwọn ọkùnrin méjì tó gbá Antoine mú lábẹ́ apá, tí wọ́n gbé e.

Láti ìgbà náà, bí ọmọdé bá fẹ́ kí i ní Plateau, kì í jẹ́ kí àyà ọmọ náà kanlẹ̀ tó fi ń pariwo, "Dìde! Dìde!" Àwọn ọmọ sọ ọ́ di eré, wọ́n á sáré wá, wọ́n á ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín bí bàbá arúgbó ṣe ń fò dìde lórí àga.

Ọyẹ́ ọdún yẹn ló mú un lọ. Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ńlá wá láti Kútọnu, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí nípa àgbò tí kò gbà.