Òfo Tí Mo Tẹ̀ sí Ìlòrò

Mo rántí ìgbà tí òórùn omi ẹ̀gẹ́ máa ń tì mí lójú. Inú òórùn yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìlòrò, nínú ilé ìyan-gàrí tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi jẹ́ olórí rẹ̀. Òun ló gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá mi kú, òun ni mo sì ń pè ní Ìyá mi. Gàrí ló fi rán mi níwèé títí mo fi gboyè. Ohun tí mo fi oyè náà ṣe ni mo fẹ́ sọ, kò sì dùn-ún sọ.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ ìṣirò. Ìjọba fẹ́ mọ bí ọrọ̀ tí àwọn tó ń ṣe ọjà àjẹtán àti àlòtán ń mú wọ ìpínlẹ̀ wa ṣe pọ̀ tó: gàrí, epo, ọṣẹ, búrẹ́dì, gbogbo ohun tí a ń ṣe lónìí tí yóò tán láìpẹ́. Wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Adó, wọ́n fi káàdì kọ́ wa lọ́rùn, wọ́n fún wa ní fóònù ńlá tí a ó máa tẹ iye sí. Ọ̀gá wa kìlọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ọjà rẹ̀ pamọ́ fún wa, kí a fi ojú ara wa kà á. Mo ń rìn kiri bí ẹni pé èmi ni mo dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Èmi àti ọmọge kan láti Adó ni wọ́n pín sí ọ̀nà Ìjerò, níbi tí Ìlòrò wà, ọmọge náà sì wù mí gan-an.

Ọjọ́ ìyan-gàrí la dé Ìlòrò. Èéfín kún ilé dé àjà. Ọmọge fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ní, “Ṣé èèyàn ń jẹ ohun tó bá ti ibí yìí jáde?” Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí wọ́n fi gàrí ibẹ̀ tọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbójú sókè nídìí agbada, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó ń bọ̀ wá dì mọ́ mi. N kò dọ̀bálẹ̀. Mo tẹrí ba díẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Màdáámù. Ìjọba ló rán wa.”

Ó dúró. Ó wo káàdì ọrùn mi, ó wo ọmọge, ó padà lọ jókòó. Mo bi í pé àpò mélòó ni wọ́n ń yan lọ́sẹ̀.

“Àpò kẹ̀? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀gá. Uṣẹ́ òtòṣì ni.”

Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ èsì yẹn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka ọjà fún àlejò. Àlejò là ń sọ fún pé kò sí nǹkan kan. Ọmọ ilé là ń mú wọ ẹ̀yìn lọ fi àpò hàn. Ní kékeré mi, èmi ni mo máa ń fi èédú sàmì iye àpò sára ògiri fún un. Àmì tuntun wà lára ògiri náà lọ́jọ́ yẹn, mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n bí mo bá kà á, ọmọge yóò béèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kà. Mo tẹ òfo.

Ìwé ìṣirò náà jáde, òun ni wọ́n sì fi pín iná. Wọ́n ní Ìlòrò kò ní iṣẹ́ tí iná yóò ṣe, wọ́n gbé tiransifọ́mà tó yẹ kó wá síbẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin náà ti dáwó rà, tí wọ́n fi ń dúró de iná, dípẹtà síbẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n fi ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ rin ní Ijurin, níbi tí iná wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀kadà náà ló gbé Ìyá mi ṣubú, itan rẹ̀ kán, kò sì lè jókòó nídìí agbada mọ́. Ọmọge ńkọ́? Ẹlòmíràn ló fẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ kí n tó ní ìgboyà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí mo sá fún lọ́jọ́sí, mo jẹ́wọ́ òfo náà fún un. Ó ní kí n dìde, kí ilẹ̀ má ba aṣọ mi jẹ́. Mo bi í bí ìrora itan rẹ̀ ṣe tó báyìí. Ó fa ìró rẹ̀ bo itan náà.

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọ̀gá.”