Olólùfẹ́ Mi, Ọ̀gá Mi

Mo rántí bí òórùn ike yíyọ́ ṣe máa ń bá mi délé nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sango. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti wá, Joju nítòsí Sango ni mò ń gbé nígbà náà. Ọ̀gá tó ń pín wa sídìí ẹ̀rọ ni olólùfẹ́ mi, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi sì rò pé inú oyin ni mo wà. Wọn ò mọ̀ pé bó bá ti fajú ro báyìí, àyà mi a já. Òun ló ń yan ẹni tí mo lè bá rìn àti aṣọ tí mo lè wọ̀. Bí mo bá fẹ́ fèsì, a ní, "Ṣé o ti gbàgbé ẹni tó gbé ẹ kúrò nídìí ẹ̀rọ gbígbóná ni?" Èmi náà a kúnlẹ̀, màá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà; mo sọ ìbẹ̀rù di sùúrù, mo tún ń yangàn káàkiri pé àwa kì í jà. Báwo la ṣe máa jà, nígbà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lẹ́nu?

Àbúrò mi obìnrin wá kí mi, ni ọ̀gá bá kó wa lọ sílé oúnjẹ kan l'Ọ́tà. Ó ní kí wọ́n bu ẹja aborí fún mi. Ẹja yẹn máa ń rí mi lára, àmọ́ mo fa abọ́ mọ́ra.

Àbúrò mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àǹtí mi kì í jẹ ẹja yìí."

"Ta ló bi ẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Ọ̀gá fọ́ àbúrò mi létí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti da abọ́ ọbẹ̀ dé ọ̀gá láyà.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, ìdí ẹ̀rọ gbígbóná ló dá mi padà sí. Ó sọ fún gbogbo èèyàn pé abaramóorejẹ ni mí, àwọn tó ń jowú mi sì ń pòṣé sí mi. Nígbà tí ẹ̀rọ jó mi lápá, mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ wá iṣẹ́ sílé búrẹ́dì kan ní Itele.

Ìyá mi ní kí n dárí jì í. Mi ò tíì ṣe é, mi ò sì kánjú. Èmi àti ọkọ tí mo wá fẹ́ máa ń jiyàn débi pé àwọn alájọgbélé a kan ilẹ̀kùn. Bí obìnrin kan bá wá ń ṣe fáàrí fún mi pé òun àti olólùfẹ́ òun ò jà rí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa.