Ọjọ́ Ọjà Ni Mo Mú fún Ìgbafẹ́ Etí Ọ̀sà

Sátidé tí mo mú pé kí ìdílé wa lọ ṣe fàájì létí ọ̀sà, ọjọ́ ọjà Ayétòrò ni.
Ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì mọ̀. Ìyàwó wọn mọ̀. Màmá, tó ń ta èlùbọ́ níbẹ̀, mọ̀ dáadáa.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ẹnu awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ kó gbé wa lọ ni mo ti gbọ́ láàárọ̀ yìí: "Àǹtí, ẹrù ọjà ni mò ń kó lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ò ka ọjọ́ márùn-ún ni?"

Mo pe Màmá. "Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ?"
"Ìwọ lo lọ kọ́ṣẹ́ òwò ní yunifásítì. Ṣé èmi ni màá wá kọ́ ẹ lọ́jọ́ ọjà?"

Nítorí Màmá ni mo ṣe ń sáré kiri. Mi ò rí i kí wọ́n sinmi odindi ọjọ́ kan rí.
"Tó bá wá jẹ́ Sọ́ńdè ńkọ́?"
Wọ́n bi mí pé: "Ṣé iyanrìn ibẹ̀ mọ́? Mo fẹ́ bọ́ bàtà."

Ó ti di Sọ́ńdè nìyẹn. Awakọ̀ ti gbà, inú mi sì dùn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé irú èyí ti ṣe yín rí?
Ẹ̀gbọ́n Ràṣídì, ẹ kọ iye èèyàn tí ẹ ń kó bọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi yìí kí aago mẹ́jọ alẹ́ òní tó lù. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, mo ti fún ẹlòmíì ní ìjókòó yín.