Ẹsẹ̀ Kẹrin Tábìlì Náà

Tábìlì kan wà nílé ẹbí wa ní Aké tí bàbá ìyá mi àgbà gbé bọ̀ láti Sàró. Kò ní ọnà kankan lára: pákó mẹ́ta lórí, ẹsẹ̀ mẹ́rin nísàlẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ti ń gé aṣọ látìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Nígbà tí ìgbéyàwó mi kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà bi mí pé kí ni mo fẹ́ mú lọ sílé ọkọ. Mo tẹrí ba, mo ní tábìlì náà ni.

Kò bínú. Ó ní ohun tí gbogbo ọmọ jọ ní, ẹnì kan kì í dá gbé e jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí a má ṣe èkejì rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí káfíńtà kan ní Ìtòkò.

Bàbá káfíńtà náà kì í fi rúlà wọn nǹkan. Okùn ni ó ń nà mọ́ igi, tí yóò sì ta kókó síbi tí igi bá parí sí. Ó wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, títí kan ìkẹrin tó kúrú ju àwọn yòókù lọ. Mo mọ ohun tó fà á, torí èmi ni mo ń fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, pa ilẹ̀ iyàrá yẹn: àpáta wú sókè ní igun ibẹ̀, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ náà kí tábìlì lè dúró. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, kò jáde. Bàbá ká okùn rẹ̀, ó lọ.

Lóru, ẹsẹ̀ kúkúrú yẹn ni mo ń rò. Bí tábìlì mi bá ń mì, báwo ni n ó ṣe gé aṣọ lórí rẹ̀ kó tọ́? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba Ìtòkò lọ. Àwọn ọkùnrin kan jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti gé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì ti gbé ayùn lé ìkẹrin. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èyí gùn bí àwọn yòókù.”

Ó ní okùn òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àpáta fún un. Ó wò mí.

“Ilé ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé o mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, bàbá. Sìmẹ́ńtì ni, ó tẹ́jú. Lọ́jọ́ tí a lọ kí wọn, ilẹ̀ ni mo ń wò títí a fi kúrò níbẹ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, “Ìyàwó tó mọ ilẹ̀ tí kò mọ ojú ọkọ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tú kókó kẹrin.

Nígbà tó gbé tábìlì tuntun wá, ìyá àgbà ní kí a gbé e sípò ti àtijọ́ kí òun lè wò ó. Ó ń mì. Ìyá àgbà fọwọ́ tì í síwá, ó tì í sẹ́yìn, ó ní, “Ó mọ̀ pé ibí kọ́ nilé òun.”

Nílé ọkọ mi ní Ìbarà, mo bu omi kún ife dé ẹnu, mo gbé e lé tábìlì náà lórí. Omi ò dà. Mo gbé ife kúrò, mo nu ojú igi náà gbẹ, mo sì tẹ́ aṣọ tí mo fẹ́ gé sí i.