Ọgọ́ta Àgbàdo, Ẹni Mẹ́fà

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ní Ẹ̀gbẹ́dá ní àárín àwọn ọdún 1990, èmi ni mo sì kọ eré ìṣirò tó wà nínú rẹ̀. Ogun Ìjàyè ni mo fi ṣe é. Ogun ti dó ti ìlú, oúnjẹ ń tán lọ. Ọmọ tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ni yóò pín in fún ìdílé kan. Ọgọ́ta àgbàdo, ẹni mẹ́fà: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Mélòó-mélòó ló kàn wọ́n? Bí ọmọ bá ṣì í, ẹ̀rọ á kọ ọ́ gàdàgbà pé ebi ti pa ẹnì kan. Mo máa ń fi eré náà yangàn fún àwọn tíṣà yòókù.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tí kì í gbà á. Méjìlá ló máa ń kọ. Mo yí iye àgbàdo padà títí, ẹni márùn-ún náà ló ń pín in fún ṣáá. Mo sì ti sọ pé ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdánwò eré náà yóò tún kíláàsì náà kà, n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tó kùnà lẹ́ẹ̀kejì, mo mú pàṣán, mo bi í pé ta ni kò fún ní tirẹ̀.

"Màmá ni, sà. Wọ́n ń gbààwẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ń gbààwẹ̀ lójú ogun, mo sì nà án lẹ́gba mẹ́ta.

Mo ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, ọjà Ṣáṣá ló ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣa tòmátì. Sùtánà funfun tó wọ̀ wá rí lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ìṣó. Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Ó jù mí lọ, síbẹ̀ òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ọmọ òun á mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wa obìnrin fún un ní búrẹ́dì àti àkàrà. Ó dúpẹ́, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní òun ń gbààwẹ̀, àwọn ọmọ á jẹ ẹ́ nílé. Èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà rẹ́rìn-ín sínú: àwọn Aládùúrà àti ààwẹ̀ wọn.

Kí sáà tó parí, obìnrin náà kú. Wọ́n ní àìsàn ni. Ọ̀gá wa ló sọ fún mi pé mẹ́fà ni wọ́n nílé, pé bàbá wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti ọdún tó kọjá, ààwẹ̀ ìyá náà kò sì ní ọjọ́ ìṣínu.

Ọmọ náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan fún un lórí eré náà. Mo ní kó fi sílẹ̀, mo ti gbé e lọ sí kíláàsì karùn-ún. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ mẹ́wàá, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ pé gbogbo ilé yè. Ó yíjú sí mi.

"Mo ti ka màmá mọ́ wọn, sà."

Ó yẹ kí n yìn ín. Ẹkún ni mo ń sun.