Ìka Tó Wà Lábẹ́ Pákó

Káfíńtà pọ̀ ní Ṣakí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ló lókìkí láàrin wa, ọwọ́ òsì ọ̀gá mi. Ẹ má rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe. Bí a bá ń fi ayùn gé pákó orí bẹ́ẹ̀dì, èyí tó máa ń rí kọ́lọkọ̀lọ tí àwọn ìyàwó tuntun fẹ́ràn, ọ̀gá mi á ti ọwọ́ òsì wọn bọ abẹ́ pákó náà, wọ́n á máa fi orí ìka méjì tọ ẹnu ayùn lẹ́yìn bó ṣe ń yọ nísàlẹ̀. Wọn kì í wo pákó. Títì ni wọ́n máa ń wò, wọ́n á máa kí àwọn tó ń ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí bọ̀ wá ná ọjà, àfi lójijì tí wọ́n á ní, "Ó ti ń wọ́." Tí a bá yí pákó náà padà, a ó rí i pé òótọ́ ni: òkè tọ́, ìsàlẹ̀ ti wọ́. Bí etí pákó bá sì wọ́ lábẹ́, kò sí bí a ṣe lè so méjì pọ̀ kí àlàfo má hàn.

Ayùn ọwọ́ kì í ṣe ọ̀tá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ènìyàn lè fi ìka kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fọwọ́ kan ẹnu ajá ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́: èmi ń gé lókè, ìka wọn ń tẹ̀ lé mi nísàlẹ̀. Mo lo ọdún márùn-ún lẹ́nu ẹ̀kọ́, mo gba fírídọ́ọ̀mù, a pa ẹran, a jó, síbẹ̀ mi ò lọ. Èmi àti wọn jọ ń ṣiṣẹ́ ni, nítorí àwọn oníbàárà ń ti Ìséyìn àti Ògbòòrò wá nítorí ọwọ́ yẹn, mo sì gbọ́n tó láti mọ ibi tí ọbẹ̀ ti ń dùn. Mo gbéyàwó, mo bí ìbejì, ọwọ́ náà ò kúrò lábẹ́ pákó mi. Nígbà mìíràn inú á bí mi. Ṣé títí n ó fi hu ewú ni wọn ó máa ṣọ́ mi bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn? Bí wọ́n bá rí i pé mo ti fajú ro, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbejì, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì wá ńkọ́?"

Èmi ni mo ra ẹ̀rọ náà. Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi rù. Iná mànàmáná ti dé òpópónà wa nígbà náà, oníṣòwò kan tó ń gba Ìjió kó ọjà wọlé láti òdìkejì ẹnubodè sì gbé ayùn oníná kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa nínú páálí. Jígísọ̀ ló pè é. Ó ní irin pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀, abẹ ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ jáde lábẹ́ irin náà bí eyín kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu arúgbó. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Èyí ni yóò gé igi àpá?"  Oníṣòwò náà ki okùn rẹ̀ bọ ojú iná, ó gbé e lé pákó àpá kan tó nípọn tó àtàǹpàkò.

Háà! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ igi, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ náà ké, ó gbọ̀n, abẹ rẹ̀ ń lọ sókè sódò tí ojú ò lè bá a. Pákó tí à bá làágùn lé lórí fún odidi àárọ̀, ó ti là á já kí n tó pa ẹnu mi dé. Oníbàárà kan tó jókòó sórí àpótí fò dìde, ó ti wà ní òdìkejì títì, bàtà rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Èmi náà ti fò sẹ́yìn, n ò lè tan ara mi jẹ.

Ọ̀gá mi nìkan ni kò mira. Wọ́n gbé pákó náà, wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ lábẹ́, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní, "Òkè ni ó ń fi hàn wá. Ta ni yóò máa ṣọ́ ìsàlẹ̀ fún un?" Mo mọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Bí irin yìí bá lè gé igi láìwọ́, kí ni ọwọ́ òsì wọn ó máa ṣe? Ẹni tí gbogbo Òkè-Ògùn mọ̀ nítorí ìka méjì, kí ni àwọn ènìyàn ó tún máa wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀? Mo mọ èyí, mo sì rà á.

Ọ̀gá mi ní irin tuntun kì í fi ebi ṣiṣẹ́. Ọmọ Ògún ni wọ́n, ìdílé ọdẹ ni wọ́n ti jáde wá. Wọ́n sun iṣu, wọ́n bu epo sí i, wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ náà. Èmi tí mo jẹ́ mùsùlùmí ṣe bísímílà lé e lórí ní tèmi. Kò sí ẹni tó yẹ ká kí tí a ò kí.

Ìwé kan wà nínú páálí náà, èdè Faransé ló kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kà á nínú wa. Ṣùgbọ́n àwòrán wà níbẹ̀. Ọ̀kan fi ẹ̀rọ náà hàn lórí pákó, ọwọ́ ènìyàn kan wà lábẹ́ pákó náà gan-an, ìlà pupa kan sì dá gbogbo rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, pẹ́ńsù pupa la fi ń fa ìlà sára pákó. Ibi tí pupa bá gbà ni ayùn ń gbà, ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá mọ ìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá mi rí àwòrán náà, ojú wọn là, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé.

"Wò ó, Bàbá Ìbejì! Àwọn òyìnbó náà ń fi ọwọ́ sábẹ́! Ìlà wọn tilẹ̀ pupa bíi tiwa!"

Inú mi dùn fún wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò wá rí i? Iṣẹ́ yín ò lọ ibì kankan." Ẹnu èmi yìí ló sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, a gbé pákó orí bẹ́ẹ̀dì kan kalẹ̀, ti ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Ìséyìn. Mo di ẹ̀rọ mú. Ọ̀gá mi fa àpótí wọn súnmọ́ bẹ́ńṣì, wọ́n jókòó, wọ́n ti ọwọ́ òsì wọn bọ abẹ́ pákó.

Mo rí wọn. Ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi nìyẹn. Mo rí wọn kedere, kò sì jọ mí lójú, nítorí ọwọ́ yẹn ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, bóyá n ì bá béèrè ibi tó wà. Mo tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere. Ọ̀gá mi ń wo títì. Nígbà tó yá, ohùn ẹ̀rọ náà yí padà díẹ̀, bí ìgbà tí ayùn bá bá kókó igi pàdé. Kókó ni mo pè é. Mo tì í síwájú.

"Dúró," ni ọ̀gá mi wí.

Wọn ò pariwo. Ohùn tí wọ́n fi ń sọ pé igi ti ń wọ́ náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo ní, "Ṣé ó wọ́ ni, Bàbá?" Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sórí ẹsẹ̀ wọn.

  Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, títí ìyàwó ọ̀gá mi fi sáré jáde láti inú ilé. Màmá tú gèlè orí, wọ́n fi wé ọwọ́ náà, wọ́n sì gbá mi létí kí n lè jí. Mo dúpẹ́ fún ìgbájú yẹn. Alùpùpù aládùúgbò kan la fi gbé ọ̀gá mi dé ọsibítù, èmi jókòó sẹ́yìn, mo gbá wọn mọ́ra.

Nọ́ọ̀sì béèrè pé, "Bàbá, ta ló gé yín báyìí?" Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni. Ọ̀gá mi fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ ni."

Dókítà ní ìka méjì náà ò ṣeé lẹ̀ padà, oríkèé kan péré ló kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìka mẹ́wàá tí Ọlọ́run fún wọn, méjì yẹn gan-an ni! Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó dá a lójú, bí ẹni pé ó lè lọ pààrọ̀ wọn.

Àwọn ará ìlú ò sì jẹ́ kí etí mi sinmi. Wọ́n ní Ògún ló bínú. Èwo ni Ògún bínú sí, lẹ́yìn tó jẹ iṣu tán? Olùkọ́ kan tó ti gbé òdìkejì ẹnubodè rí ló wá ka ìwé inú páálí náà fún mi. Ó wo àwòrán yẹn, ó wo ojú mi, ó ní, "Wọ́n ní ẹ má fi ọwọ́ sábẹ́ ni. Ìlà pupa yẹn, èèwọ̀ ló dúró fún." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá gún mi lọ́bẹ lákòókò yẹn, n kì bá mọ̀.

Odindi ọjọ́ mẹ́jọ ni mi ò ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo bẹ àgbà méjì nínú ẹgbẹ́ káfíńtà kí wọ́n sìn mí lọ bẹ ọ̀gá mi nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn àgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ohùn ṣe láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀gá mi dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

"Dìde jàre. Pákó yẹn ńkọ́?"

"Pákó wo, Bàbá?"

"Èyí tí ìka mi wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ó tọ́ àbí ó wọ́?"

Ẹnu yà wá. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wo èkejì, ó ní bóyá ìrora ti gun orí. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọ̀gá mi, mo rí i pé orí wọn pé. Kì í ṣe ìka ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà nílò ìka yẹn. Mo ní mi ò tíì wò ó. Wọ́n ní, "Lọ wò ó. À ń dúró dè ọ́."

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Pákó náà ṣì wà lórí bẹ́ńṣì bí a ṣe fi í sílẹ̀. Mo fi ayùn ọwọ́ gé apá tó ṣì so mọ́ ọn kúrò, mo yí i padà, mo mú irin onígun tí a fi ń mọ̀ bí igi bá tọ́, mo gbé e sí etí rẹ̀.

Ó tọ́. Ó tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí. Mo tún un wọ̀n. Mo gbé irin náà lọ síbòmíràn, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tọ́ ju èyíkéyìí tí èmi àti ọ̀gá mi jọ gé rí. Àyà mi já ju ti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ. Kò sí ohun tí ìka wọn ń ṣe níbẹ̀. Lásán ló lọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo mú ìfági. Láti ìgbà tí mo ti di káfíńtà, mímú igi tọ́ ni iṣẹ́ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ mú igi wọ́. Mo fá etí rẹ̀ lábẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo tún gbé irin onígun sí i, mo tún fá a, títí ó fi wọ́ tó bí ìka àgbà ṣe lè mọ̀ ọ́n. Mo fi eruku ilẹ̀ pa ibi tí mo fá kí ó má baà máa tàn. Mo gbé pákó náà lé orí, mo padà lọ.

"Ó wọ́, Bàbá."

Ọ̀gá mi na ọwọ́ ọ̀tún wọn, ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ yẹn rí, wọ́n fi tọ etí pákó náà lábẹ́.  Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú wọn. Wọ́n pe ìyàwó wọn jáde, wọ́n ní kí àwọn àgbà méjèèjì súnmọ́ tòsí.

"Ẹ fọwọ́ kàn án! Ẹ̀rọ náà ò rí ìsàlẹ̀! Ṣé mi ò sọ fún un? Ohun tí ìka mi lọ wò nìyí."

Àgbà àkọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ó mi orí. Èkejì fọwọ́ kàn án, ìka rẹ̀ dúró pẹ́ lójú ibi tí mo fá. Káfíńtà ni òun náà, ó mọ ojú ìfági yàtọ̀ sí ojú ayùn. Ó gbójú sókè, ó wò mí. 

"Ó wọ́ lóòótọ́," ni àgbà náà wí.

Màmá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ rí oorun sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọsibítù dé. Wọ́n fi pákó náà ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, ibẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi kú. Bí àlejò bá béèrè ohun tó ṣe ọwọ́ wọn, wọ́n á ní kí ó lọ fọwọ́ kàn án.